Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ológeere ti àdúgbò: ta ló rò pé ó lè dúró?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Abẹ́òkúta ni mo wà. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan ládùúgbò wa kó ara wa jọ. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní London bá wa kó kẹ̀kẹ́ ológeere tokunbo 40 wá, ó ti dé, inú gáréèjì bàbá ẹnìkan ló wà. A fẹ́ máa tún un ṣe, ká máa tà á ní ẹ̀dínwó fún ọmọ ilé ìwé àtàwọn òṣìṣẹ́ tí owó ọkọ̀ ti tán lápò wọn, ká sì máa fi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níṣẹ́. Ìyá mi ní a fẹ́ sọ ilé onílé di àkìtàn irin. Mẹkáníìkì kan ní ká yáa ta gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún alájàpá, ká pín owó, kí kálukú máa lọ. Èló ló yẹ ká máa tà á? Ṣé ká gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ará àdúgbò, àbí kó jẹ́ ọ̀fẹ́?

---

Àbúrò, ọ̀rọ̀ ìyá yín ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ìbàdàn lèmi wà, nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an, mo sì ti rí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ tó ṣí tó sì tì. Kò sí èyí tí iye tí wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ pa níbẹ̀. Irin ló kún wọn mọ́lẹ̀.

Mo ti ka ohun táwọn tó ṣáájú mi sọ. Ọ̀pọ̀ ní kẹ́ ẹ tètè mọ iye tẹ́ ẹ máa tà á. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ wá olówó tó máa ṣe onígbọ̀wọ́. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ́ nílẹ̀ yìí. Ti ẹni yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú kúrò ńlẹ̀: kó lọ dúró sójú ọ̀nà oko láàárọ̀, kó tún wá wo iye àwọn géètìmáànù àti kápẹ́ńtà tó wọ ìdí kẹ̀kẹ́ látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023. Àwọn oníbàárà wà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lè rà, tí kò sì ní dá wọn dúró sọ́nà lọ́jọ́ kejì, òun ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ tèmi kò pọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù yín ti máa yè tàbí kú. Kẹ̀kẹ́ kankan ò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹnìkan ti pinnu bóyá ẹ máa tún un ṣe tàbí ẹ máa tú u palẹ̀. “Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, a máa wò ó” kì í ṣe ìpinnu. Ibi tí àkìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bá a ṣe ń pinnu nìyí: ẹ kọ iye táyà, tíúbù, ṣéènì, wáyà àti rọ́bà bíréèkì tí kẹ̀kẹ́ náà máa gbà sílẹ̀. Ẹ fi owó ọwọ́ ẹni tó máa ṣe é kún un, kódà bí ọmọ ẹgbẹ́ ni. Bí àpapọ̀ yẹn bá ti kọjá ìlàjì iye tí kẹ̀kẹ́ náà lè pa lọ́jà, ẹ tú u. Ìlàjì tó kù kì í ṣe èrè o. Owó àyè wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó máa dúró fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rà á wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n máa dá padà pé bíréèkì ò mú náà wà níbẹ̀.

---

Ẹnìkan bínú sí mi pé “kò sí kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe.” Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa sanwó ẹ̀? Mo mọ ọ̀gá kan tó fi odindi ọ̀sẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan torí pé inú òun dùn sí i. Nígbà tó parí, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tuntun láti Ṣáínà kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju iye tó béèrè lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ tú palẹ̀ kò ṣòfò. Lẹ́fà bíréèkì ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá ìjókòó, fíríwíìlì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí ní wíìlì ẹ̀yìn) tí eyín rẹ̀ ṣì mú, ríìmù tó gún, bọ́ọ̀lù inú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín wíìlì, nọ́ọ̀tì ásù: àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń mú oníbàárà wá lójoojúmọ́. Ẹni tí lẹ́fà kan ṣoṣo ṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́, séètì odindi ni wọ́n máa tà fún un lọ́jà. Ọ̀dọ̀ yín, ọ̀kan ló máa rà. Lọ́dọ̀ wa, páàtì àti iṣẹ́ ọwọ́ ló ń san owó àyè. Kẹ̀kẹ́ tá a bá tà, ọ̀rọ̀ orí ni.

Bẹ́ ẹ bá ti tú u, lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ pín in sínú ike lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ sára ike. Férémù tí kò wúlò mọ́, kó lọ sọ́dọ̀ onípáńtí irin lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọkùnrin máa ní “ẹ jẹ́ ká fi pamọ́, ó lè wúlò.” Ẹ má gbọ́.

---

“Táyà 26 ni 26.” Ẹni tó kọ ìyẹn kò tíì jìyà nídìí kẹ̀kẹ́ tokunbo.

Ẹ fi ìka nu eruku ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ máa rí nọ́mbà kan tó dà bíi 47-559 tàbí 37-590. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, torí mìlímítà ibi tí táyà ti jókòó sórí ríìmù ló ń sọ. Kẹ̀kẹ́ orí òkè tí ọ̀pọ̀ wọn ń kó wá láti ìlú òyìnbó, 26 ni wọ́n kọ sí i, 559 ni. Kẹ̀kẹ́ ìyá ìjọ, èyí tó ní agbọ̀n níwájú, 26 × 1⅜ ni wọ́n kọ sí i, 590 ni. Mìlímítà 31 ló wà láàárín wọn. Èyí tó tóbi máa yọ̀ kúrò lórí ríìmù kékeré, èyí tó kéré kò ní gun ríìmù ńlá láyé, bó o bá tiẹ̀ fi ṣíbí mẹ́ta tì í wọlé. Raleigh àtijọ́ tàwọn bàbá wa, 28 × 1½, 635 ni. Kẹ̀kẹ́ eré tẹ́ńrẹ́ tí wọ́n ń pè ní 700C, 622 ni. Ẹ kọ nọ́mbà yìí sára férémù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì funfun kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ fáàfù náà ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ London ọ̀hún, àwọn kan nínú wọn máa ní fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀tì kékeré wà lórí ẹ̀. Ẹnu páǹpù fọkanáísà kò lè gbá a mú, torí ti mọ́tò ló mọ̀. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń yí sórí ẹ̀ tó máa sọ ọ́ di ti mọ́tò. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Àpò kékeré kan lè gba ìwọ̀n igba, kò wúwo.

---

Ìyáàfin tó béèrè bí wọ́n ṣe ń dá férémù tó ti sán mọ̀: ẹ wo ibi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti pàdé orí tí fúróòkì, irin tó di wíìlì iwájú mú, gbà wọlé. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá hunjọ bí ara ìgò omi tí wọ́n tẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà ti kọlu nǹkan rí. Bí ẹ bá rí ìlà ìpẹtà tín-ín-rín, ẹ fi èékánná kọjá lórí ẹ̀. Tí ó bá mú èékánná, ó ti sán nìyẹn.

Ẹ tún fi máágnẹ́ẹ̀tì kàn án. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni. Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì lè jó irin pọ̀ kó sì dúró. Ọ̀pọ̀ férémù alumíníọ̀mù ní láti padà sínú iná oníwọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o kí agbára rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò, mi ò sì tíì rí wẹ́dà àdúgbò tó ní irú iná yẹn. Ẹ má ta irú ẹ̀. Ẹ má sì gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ayùn gé e sí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnìkan máa kùn ún lọ́dà tuntun, ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa gùn ún sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ìtòkò.

---

Ó yá, ọ̀fẹ́ àbí owó.

Apá méjì ni ìjà yìí pín sí. Àwọn kan ní bẹ́ ẹ bá ti gba kọ́bọ̀, kì í ṣe ti àdúgbò mọ́, òwò ni. Àwọn kejì, pàápàá àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, ní ohun tí kò bá lówó lórí kò níyì lójú ẹni tó gbà á. Mo rí òótọ́ nínú méjèèjì, mi ò sì tẹ̀ lé èyíkéyìí.

Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ wa ni àyè, irinṣẹ́ àti ẹnu wa. Bó o bá gbé kẹ̀kẹ́ ẹ wá ní ọ̀sán Sátidé, tó o bá ṣe tán láti kó ọwọ́ ẹ sínú gírísì, a máa fún ọ ní sípánà, a sì máa dúró tì ọ́ fi hàn ọ́. Kò sí owó. Bó o bá jù ú sílẹ̀ tó o ní “ẹ bá mi ṣe é, mo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́,” o máa san owó iṣẹ́, bí àbúrò ìyàwó ọ̀gá bá tiẹ̀ ni ẹ́. Páàtì kò sí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò lówó páàtì, a máa gbé kẹ̀kẹ́ àkúrẹtẹ̀ kan fún un tú palẹ̀, a ó fi iṣẹ́ náà ṣírò.

Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Ní Ghana, iléeṣẹ́ Village Bicycle Project ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1999: ẹni tó bá jókòó kọ́ àtúnṣe fún ọjọ́ kan ló ń ra kẹ̀kẹ́ ní nǹkan bí ìdajì owó. Ní Boston, Bikes Not Bombs tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń kó lọ sí Nicaragua, àwọn ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló ń gun èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tún ṣe lọ sílé. Ọmọ tó ti tú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, tó ti wá bọ́ọ̀lù tó yí sábẹ́ tábìlì, kò ní fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀ sínú òjò.

Ará wa tó kọ̀wé láti Peckham ní London sọ pé àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ tọrẹ níbẹ̀ máa bínú bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ń tà á. Ẹ sọ fún wọn kí kẹ̀kẹ́ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ pé owó rẹ̀ la máa fi ra tíúbù fún òmíràn. Ọ̀pọ̀ á gbà. Ẹni tí kò bá gbà, kó fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tọrẹ níbòmíràn. Àti pé, jọ̀wọ́, ẹ yé kó kẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin wá. Bẹ́ ẹ bá ń di ẹrù, ẹ yọ pẹ́dà, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àyè tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi táyà àti sípánà dí i.

---

Ọ̀rọ̀ fẹ́ yà díẹ̀. Ẹnìkan mẹ́nu kan kẹ̀kẹ́ háyà, mo sì rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ ẹ bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá, ẹ mọ ọjọ́ Iléyá àti Kérésì. Ọmọ tó ti gba owó ọdún, ojú ẹ̀ wà lára oníkẹ̀kẹ́. Ráùndì kan, láti ìdí igi máńgòrò dé ilé onífúláwà padà, kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a dúró. Àwọn kan níbí ní ìtìjú ni kí ẹgbẹ́ tó fẹ́ ran àdúgbò lọ́wọ́ máa fi háyà gba owó ọdún lọ́wọ́ ọmọdé. Èmi ò gbà. Ọ̀sẹ̀ Iléyá àti ọ̀sẹ̀ Kérésì yẹn ń mówó wọlé fún wa ju oṣù tó kù lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́ gígùn. Òfin kan la ní: kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì ẹ̀ méjèèjì ò bá mú kò ní jáde, àwọn tó kéré kì í kúrò nínú ọgbà ilé ìwé.

Bẹ́ ẹ bá sì ń ṣe háyà, bàbá kan máa dé tó máa ní òun ní Raleigh kan nílé tó ti wà láti ìgbà tí owó kòkó ń wọlé, nínú àwọn ọdún 1950. Ẹ lọ wò ó! Irin yẹn kì í kú. Ìṣòro ẹ̀ ni píìnì tó so ọ̀pá pẹ́dà mọ́ ásù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa gba òòlù lu ú, orí ẹ̀ á wó, á di ọ̀rọ̀ líluhò. Ẹ rọ epo sí i, kó sùn mọ́jú. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹ̀ dé ibi tó bá orí píìnì dọ́gba, ẹ má yọ ọ́ tán, kí orí píìnì má baà wó. Ẹ wá fi fáìsì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú páìpù kékeré ní òdìkejì tí píìnì máa wọ̀.

---

Àwọn tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wá tà fún yín: ẹ ṣọ́ra o.

Ọmọdékùnrin kan máa dé nírọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ dáadáa, owó tó béèrè kò tó nǹkan. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá náà sì mọ òwe yẹn. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Lábẹ́ ibi tí ásù pẹ́dà gbà kọjá, ọ̀pọ̀ ní nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ orúkọ àti fóònù ẹni tó gbé e wá, ẹ ya fọ́tò òun àti kẹ̀kẹ́. Bí nọ́mbà bá ti di ohun tí wọ́n fi fáìlì ha, ẹ má rà á. Ọ̀dọ́langba tí kò ní òbí lẹ́yìn, ẹ má rà á. Ẹnìkan ní ìyẹn máa lé oníbàárà. Olóòótọ́ kan kì í bínú pé wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀.

---

Owó iṣẹ́ àti ọmọṣẹ́. Ibí ni mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ jà jù.

Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Ó dáa. Ta ló máa kọ́ wọn? Bí gbogbo yín bá jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni, bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, àwọn tó níṣẹ́ níbòmíràn kò ní wá mọ́, ẹni tí kò níṣẹ́ ló máa kù, òun náà ní ikùn. Ẹ gba ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ dáadáa, ẹ san owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kódà bí ẹ̀yin tó kù ò bá gba nǹkan kan. Àwọn kan ní ìyẹn máa dá owú sílẹ̀. Ó máa dá a sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹ kọ iye tó ń gbà sára ògiri kí gbogbo èèyàn rí i.

Ọmọṣẹ́, ẹ má gba owó ìkọ́ṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ òbí wọn kẹ́ ẹ tún wá fi wọ́n rán ọjà ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n máa gbòmìnira wà nínú ìwé, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ síbẹ̀: kí wọ́n tún wíìlì tó wọ́ ṣe, kí wọ́n fi rúlà wọn ṣéènì. Rúlà náà rọrùn. Láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì tó wà ní íńṣì 12. Bí ó bá ti gùn kọjá rẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú 16 íńṣì, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Bó bá ti tó ìdá kan nínú 8, ó ti jẹ eyín fíríwíìlì pẹ̀lú, méjèèjì lẹ máa rà.

Ní ti ìwé ìjọba, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo máa dámọ̀ràn ju kọ́ńpìnnì lọ. Èèyàn 10 ó kéré tán, ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ yín. Ó ń fa ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí owó wà lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹ sì máa san nǹkan fún bàbá tó ni gáréèjì yẹn, bó ti wù kó kéré, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Àyè ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ kó tó di ìjà.

---

Àbúrò wá ń béèrè báyìí pé irinṣẹ́ wo ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, torí owó ọwọ́ wọn kò tó nǹkan, àti pé ọ́ìlì kọ̀ndẹ́mù wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣé wọ́n lè fi sí ṣéènì.

Rárá. Eérú irin inú ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀, á máa lọ ṣéènì yín bí yanrìn. Kẹrosíìnì lẹ máa fi fọ̀ ọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá kán ọ́ìlì tuntun díẹ̀ sí i, ẹ nu èyí tó kù lára ẹ̀.

Irinṣẹ́: sípánà 15 tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún pẹ́dà, séètì alẹ́ǹkì, irin tó ń yọ píìnì ṣéènì, èyí tó ń fa ọ̀pá pẹ́dà jáde, sípánà sípóòkù, páǹpù ẹlẹ́sẹ̀ kan tó dáa, rọ́bà lílẹ̀ àti sọlúṣọ̀n. Fáìsì kan, tokunbo náà tó. Èyí tó kù á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì tètè sọ fáwọn ọmọ pé pẹ́dà òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí i sí láti tú u, ti ọ̀tún ló ń tú sí òsì. Ẹni tí kò mọ èyí máa fi gbogbo agbára fún un le sí i, á wá bọ́ eyín ọ̀pá pẹ́dà dànù.